Otis Blackwell àti orin tó tà ní dọ́là 25

Bí ẹ bá ti gbọ́ "Don't Be Cruel" lẹ́nu Elvis Presley rí, ọwọ́ Otis Blackwell, òǹkọ̀wé orin náà, lẹ gbọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ Brooklyn ni, ní ìlú New York. Ó ṣiṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kí orin tó gbè é, ó sì fẹ́ràn orin àwọn kọ́bọ́ì, pàápàá ti Tex Ritter. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ ti di tààrà, tí kì í yí po.

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1955 ku ọ̀la, ó kó orin mẹ́fà lọ fún Shalimar Music, ilé-iṣẹ́ tó ń ra orin lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, wọ́n sì fún un ní dọ́là 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Don't Be Cruel" wà lára wọn. Nígbà tí orin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn Elvis, wọ́n ní àfi kí orúkọ Elvis wọlé gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, kí owó sì di àjọpín. Blackwell gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó gbà yẹn. Lábẹ́ òfin ọdún 1909 tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà nígbà náà, sẹ́ǹtì 2 ni owó ẹ̀tọ́ orin kan lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe sábà ń pín in, ilé-iṣẹ́ tó ni àkóso orin á mú sẹ́ǹtì 1, òǹkọ̀wé á mú sẹ́ǹtì 1. Bí òǹkọ̀wé bá di méjì, sẹ́ǹtì kan yẹn ni wọ́n á jọ pín. Lórí àwo mílíọ̀nù kan, dọ́là 20,000 á wọlé, ẹni tó jókòó ronú orin á rí 5,000. Lóòótọ́, ìdajì orin tó tà sàn ju odindi orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Síbẹ̀, ìrẹ́jẹ ni.

Ohun tó tún dùn mí ni ti demo, ìyẹn orin àpẹẹrẹ tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ kí olórin lè gbọ́ bí orin ṣe rí. Blackwell fúnra rẹ̀ ló ń kọrin sínú demo, ohun tí Elvis sì ń tẹ́tí sí nìyẹn kó tó kọ tirẹ̀. Bí ohùn ṣe ń gbọ̀n, ibi tí èémí ti ń já, ó wà níbẹ̀ kí Elvis tó dé. Ní July 2, 1956, ní stúdíò RCA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo Elvis, ní New York, ìgbà 28 ni Elvis kọ "Don't Be Cruel" kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn méjèèjì ò fojú kan ara wọn rí.

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwo, kó ṣọ́ra: lórí "Fever", tí olórin Little Willie John gbé jáde ní 1956 kí Peggy Lee tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1958, "John Davenport" lẹ máa rí. Orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀ ló lò, nítorí pé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣì dè é. Lórí "All Shook Up", Elvis tún bá a pín in. Ṣùgbọ́n ẹ wo "Return to Sender" ti 1962, nínú àkámọ́ tó wà lábẹ́ àkọlé orin: Blackwell, Scott (ìyẹn Winfield Scott, tí wọ́n jọ kọ ọ́). Kò sí orúkọ Elvis níbẹ̀.