Tọ́ọ̀ṣì kọ́ o: ọ̀rọ̀ iná tó ń dá jẹjẹrẹ mọ̀

Fídíò yẹn ti tún dé inú WhatsApp ẹbí wa, èyí tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn òyìnbó ti ní iná kan tí wọ́n á kàn tàn sára èèyàn, iná náà á sì sọ bóyá jẹjẹrẹ ni àbí ẹran ara lásán. Àǹtí mi kan ní Òmù-Àrán ní "ìwọ tó o kàwé físíìsì, dá wa lóhùn jàre," nítorí aládùúgbò wọn kan ní kókó lọ́yàn, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ dókítà ń bà á, iná yìí ló ń dúró dè. Mo ní kí wọ́n sọ fún un kó má dúró de nǹkankan, kó máa bọ̀ ní ọsibítù ní Ilorin, wọ́n á fún un lóògùn tí ò ní jẹ́ kí ibẹ̀ dùn ún kí wọ́n tó mú nǹkan níbẹ̀. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ iná.

Òótọ́ wà ńbẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe ń dá jẹjẹrẹ mọ̀ báyìí ni pé dókítà á mú díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọ́máàlì tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, wọ́n á fi àbẹ́là yíyọ́ dì í kó le, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, wọ́n á wá pa á láró kí pathologist (dókítà tó máa ń yẹ ẹran ara wò láti mọ àìsàn) tó fi maikirosikópù wò ó. Gbogbo ìyẹn ń gba àkókò, pathologist ò sì pọ̀ nílùú wa, ìdúró yẹn gan-an ló máa ń lé ẹlòmíì lọ sọ́dọ̀ alágbo kí èsì tó jáde.

Ti iná yàtọ̀. Ẹ lọ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlélé ní Ilorin, wọ́n á fi ìka kan ìkòkò, bó bá ṣe dún ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá ó ti sán. Nǹkan tó jọ ìyẹn ni C. V. Raman, onímọ̀ físíìsì, rí pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ní Calcutta ní Íńdíà ní 1928, òun àti K. S. Krishnan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é o, kò tíì sí laser (ìmọ́lẹ̀ alágbára tó ń jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo) nígbà yẹn, wọ́n sì fún Raman ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Ìmọ́lẹ̀ á kan nǹkan, ọ̀rá á gbọ̀n bí ọ̀rá ṣe ń gbọ̀n, protein á gbọ̀n tiẹ̀, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó padà wá á ti yí díẹ̀, ìyípadà yẹn ni wọ́n ń kà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ẹyọ ìmọ́lẹ̀ bíi mílíọ̀nù 10, bóyá ọ̀kan péré ló máa ń yí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí kì í fi í ṣe tọ́ọ̀ṣì nìyẹn, laser gidi ni, pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n ń mú tutù kó lè rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ọyàn tó dáa, ọ̀rá ló kún inú ẹ̀. Níbi tí jẹjẹrẹ bá wà, ọ̀rá á dín kù, protein á pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà á sì rí i nínú ìmọ́lẹ̀ tó padà wá. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà náà? Pathologist kan náà ni! Ẹran tí wọ́n ti pa láró, tí wọ́n ti sọ orúkọ ẹ̀, òun ni wọ́n fi kọ́ ọ, tó bá jẹ́ pé àṣìṣe wà níbẹ̀, àṣìṣe yẹn náà ló máa kọ́.

Èyí tó wù mí jù ni ti Montreal ní Kánádà ní 2015, wọ́n gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lẹ́nu kan ọpọlọ nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ lọ́wọ́, nítorí jẹjẹrẹ ọpọlọ máa ń wọnú ibi tó dáa lọ tí ojú ò ní rí i, ẹ sì mọ̀ pé ọpọlọ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń gé kọjá àyè. Nínú ibi 100 tó jẹ́ jẹjẹrẹ ó mú 93, nínú 100 tó dáa ó mọ 91. Ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ wo mẹ́sàn-án tó kù yẹn, ibi tó dáa ni wọ́n o, ẹ̀rọ ní jẹjẹrẹ ni, tí dókítà bá gbà á gbọ́ tó gé e ńkọ́? Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ran dókítà lọ́wọ́ nìyẹn, kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nǹkan tí fídíò ò sọ rárá: ìmọ́lẹ̀ yìí kì í wọnú ẹran jìnnà, mìlímítà díẹ̀ ni. Kókó tó wà nínú ọyàn lọ́hùn-ún, àfi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé iná náà wọlé, abẹ́rẹ́ tí à ń sá fún náà ni sha 😂.

Kí ẹ tó bi mí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé káàkiri ọjà tí wọ́n á ní ẹ di irin mú, tí bébà á jáde tó ní ẹ̀dọ̀ yín ò dáa, kíndìnrín yín ò dáa, wọ́n á wá ta oògùn fún yín, kò sí físíìsì kankan nínú ìyẹn. Owó yín ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ọ̀kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Dúdú ara wa máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka láti wo oxygen inú ẹ̀jẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni òun náà ń lò, ní 2020 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó máa ń sọ fún aláwọ̀ dúdú pé oxygen wọn pọ̀ nígbà tí kò pọ̀, ó sì ṣe é fún wọn ju aláwọ̀ funfun lọ. Ti inú ọpọlọ ò ní ìṣòro yìí, awọ ò sí lójú ọ̀nà. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá fẹ́ tàn látìta, látorí awọ, tí wọ́n bá gbé e dé Ilorin, mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n pé ara àwọn ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, mélòó nínú wọn ló dúdú bí tèmi, tí wọn ò bá rí ìdáhùn fún mi kí wọ́n ṣì gbé e padà ná.