Bàbá Tó Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà Lórí Rédíò

Tí ẹnikẹ́ni bá bi màmá mi léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn, wọ́n á ní, "Ó ń bá wọn kéde ọjà." Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ọjà tí èmi ń kéde kì í ṣe ọṣẹ, kì í ṣe ìyẹ̀fun tíì. Oríṣi oníbàárà méjì ni mo ní. Àwọn kan fẹ́ kí agbègbè wọn gbèrú, wọ́n ń wá olówó tó máa wá dáko tàbí kọ́ iléeṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn yòókù ni lọ́yà, akántáǹtì àti sọ̀féyọ̀, àwọn tó ń fi ìwé tí wọ́n kà jẹun.

Àwọn tó ń fi ìwé jẹun yìí le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó ń ta ọṣẹ lè lọgun pé ọṣẹ òun ló dára jù láyé. Ẹ dán an wò fún lọ́yà kí ẹ rí nǹkan! Òfin ìwà tó yẹ lọ́yà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2007 tí a sì ń lò nígbà náà, gbà kí lọ́yà polówó, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó, kò gbọdọ̀ ka iye ẹjọ́ tó ti jàre, kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ wé lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀, ìpolówó náà kò sì gbọdọ̀ pọ̀ débi tí yóò fi sú aráyé. Kódà pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, òfin ní kó mọ níwọ̀n, kó má ṣakọ. Kí ló wá kù tí olùpolówó máa sọ?

Ohun tí èmi àti Bàrísítà, oníbàárà mi, fẹnu kò sí ni pé a ò ní polówó òun rárá. A máa la àwọn ará ìlú lóye nípa ilẹ̀ rírà, a ó sì dárúkọ ọ́fíìsì wọn wẹ́rẹ́ ní ìparí. Bàrísítà ka ohun tí mo kọ, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan tó jọ ìyìn, wọ́n ní ó dáa.

Lásìkò kan náà, mo ń ṣe ti àwọn ará Òkè-Ògùn kan. Mẹ́wàá nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Òkè-Ògùn ló wà. Ibẹ̀ ni Ìsẹ́yìn aláṣọ òfì wà, ibẹ̀ ni Ṣakí wà, ilẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ níbẹ̀ fún àgbàdo, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kaṣú. Oníbàárà mi yìí fẹ́ kí àwọn olówó wá fi ilẹ̀ náà dáko ńlá. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dírẹ́kítọ̀, ní gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: "Ilẹ̀ wa kò ní ìjà." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a kúkú tẹnu mọ́ ọn pé ilẹ̀ náà lọ́ràá. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ajílẹ̀ wà fún ilẹ̀ tí kò lọ́ràá," ni wọ́n wí. "Èwo ni ajílẹ̀ ọmọ onílẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. A kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ ọ́. Bàbá kan wà tí a máa ń gbé iṣẹ́ fún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Tí Bàbá bá kí ọ pé ẹ káàárọ̀, orúnkún rẹ á fẹ́ ṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ gbọ́ ohùn wọn, ó ní òun ò fẹ́ ẹlòmíì. Bàrísítà náà gbọ́ ọ, wọ́n ní ohùn tó yẹ kó máa kìlọ̀ fún èèyàn nìyẹn. Mo sọ fún oníkálukú pé ẹnìkejì ti mú Bàbá, kò sẹ́ni tó yí ọkàn padà. Mo wá ní kò burú, kí rédíò máa lo ti Òkè-Ògùn láàárọ̀, kí wọ́n lo ti ilẹ̀ rírà lálẹ́, wọn ò ní pàdé. Àwọn ARCON, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó, tó ti gba ipò APCON láti 2022, yẹ ìpolówó méjèèjì wò, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yẹ̀ wọ́n wò o. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan ní Nàìjíríà tó ń yẹ ìpolówó méjì wò bóyá wọ́n lè bára wọn gbélé.

Mo wọ Máíkírà ní Challenge lọ́jọ́ náà, mò ń lọ sí Dùgbẹ̀. Ìyá kan tó gbé àpò èlùbọ́ lé itan fún mi mọ́ ilẹ̀kùn, ọmọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì wọn, bàbá àgbàlagbà kan sì wà níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbọ́ lórí rédíò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọlé lọ sinmi, ni ìlù bá dún, ni mo bá gbọ́ ohùn Bàbá:

"Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀, ẹ yà sí Òkè-Ògùn! Ilẹ̀ rẹpẹtẹ ń dúró dè yín. Ẹ mú owó yín wá, ẹ wá dáko. Ilẹ̀ wa kò ní ìjà!"

Orí mi wú. Iṣẹ́ mi nìyẹn, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ohùn kan náà bọ́ sí i, kò tilẹ̀ mí:

"Ta ló sọ fún ọ pé ilẹ̀ náà kò ní ìjà?"

Gbogbo Máíkírà dákẹ́.

"Ṣé o mọ ẹbí tó ni ilẹ̀ náà? Ṣé wọn ò tíì tà á fún ẹlòmíì kí o tó dé? Láti 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Má ṣe sanwó fún ẹnu dídùn. Wá ìwé!"

"Háà," ni ìyá èlùbọ́ wí. "Bàbá yìí náà kọ́ ló ní ká mówó wá ni?"

"Òun náà ni," ni dírẹ́bà dáhùn. "Wọ́n ti fún un lówó lẹ́ẹ̀kejì."

Mo rò pé ó ti tán. Àṣé ó kù. Ìlù tún dún: "Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀, ẹ yà sí Òkè-Ògùn!" Ọmọkùnrin yẹn fò sókè, orí ẹ̀ gbá òrùlé ọkọ̀. "Ó tún ti yí padà!" Nígbà tí Bàbá tún bèèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló bá a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìwọ ni!" Bàbá àgbàlagbà iwájú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ tètè wá nǹkan ṣe, pé bó ṣe mú ẹ̀gbọ́n àwọn nìyẹn.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin ò sọ nǹkan kan," ni ìyá èlùbọ́ wí fún mi.

Mo ní mi ò fọkàn sí i. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Dírẹ́kítọ̀ pè. Fóònù mi, kò nílò sípíkà, ẹni tó wà ní títì ń gbọ́ ọ. "Ọ̀gbẹ́ni olùpolówó! Ìwọ lo ní kí bàbá yẹn máa pè mí ní òpùrọ́ lórí afẹ́fẹ́, pẹ̀lú owó tí mo fi gbà á?"

Ìyá èlùbọ́ yíjú sí mi wúyẹ́. "Àṣé ẹ̀yin lẹ ni bàbá náà!"

Mo bọ́ sílẹ̀ kí a tó dé Dùgbẹ̀. Mi ò gba ṣéńjì.

Ọmọkùnrin tó ń to ìpolówó ní rédíò náà kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní wọ́n mú iná lọ láàárọ̀, dísù sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ìpolówó àárọ̀ kò lọ. Òun wá kó gbogbo gbèsè ọ̀hún sí àárín bọ́ọ̀lù nítorí ìgbà yẹn ni èèyàn ń gbọ́ rédíò jù. "Mo ṣe yín lóore ni, ọ̀gá." Ó fi kún un pé àwọn èèyàn ti ń pè, wọ́n ń bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe apá kejì eré náà.

Bàrísítà kò pariwo ní tiwọn. Wọ́n kàn bi mí bóyá mo rántí apá òfin tó sọ pé ìpolówó kò gbọdọ̀ sú aráyé, wọ́n sì ní kí n sọ iye ìgbà tí ó lọ láàárín bọ́ọ̀lù. Mo sọ ọ́. Nǹkan kan ṣe wọ́n lọ́fun, wọ́n ní ikọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dírẹ́kítọ̀ já wọ ọ́fíìsì wọn láti wá bínú, ìwé ilẹ̀ Òkè-Ògùn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó mú wá wò. Ó pa dà dé pẹ̀lú àpò náílọ̀n kan tó kún fún rìsíìtì, àtẹ̀ka àwọn olórí ẹbí àti àwòrán sọ̀féyọ̀ tí eku ti jẹ létí. Bàrísítà ló ń bá a tún àwọn ìwé ọ̀hún ṣe báyìí. Gbólóhùn "kò ní ìjà" yẹn ti kúrò nínú ìpolówó, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà lọ́ràá.

Bàbá fúnra wọn yọ sí mi ní ọ́fíìsì nígbà tí ó yá. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, mo ti ra òrombó. Wọ́n ní ẹlẹ́kọ àdúgbò àwọn ò ta ẹ̀kọ fún àwọn mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bèèrè pé Bàbá èwo ló dé lónìí. Mo ní ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní rárá o, inú àwọn dùn. Wọ́n wá na ìwé owó iṣẹ́ kan sí mi, ọwọ́ tíṣà gan-an ni wọ́n fi kọ ọ́, tó dúró ṣánṣán. "Bàbá Kìíní" wà lókè pẹ̀lú iye tirẹ̀, "Bàbá Kejì" wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú iye tirẹ̀.

"Eré oníjà ni rédíò lò, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Èèyàn kan kì í ṣe eré oníjà."

Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà méjì.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ wá, sà. Báwo ni owó ọkọ̀ ṣe di méjì?"

Wọ́n bó òrombó kan.

"Wọn ò lè wọ ọkọ̀ kan náà. Ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà ni?"