Ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo gun Olúmọ lẹ́ẹ̀kejì

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, lífítì ni mo wọ̀. Mo dé téńté orí àpáta, mo ya fọ́tò, mo sì sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ìyá mi àgbà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìkìjà, bi mí nígbà tí mo délé pé: "Ṣé o wọ abẹ́ rẹ̀?" N kò rí èsì fún wọn. Orúkọ ìlú wa kì í ṣe Orí-Òkúta. Abẹ́ òkúta ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní ọdún 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn wá láti ìhà Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ gùn ún. Ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú òkúta gbóná, ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ sì mú omi dání. Bí ẹ bá dé ihò tí àwọn tí ogun lé fi ṣe ilé, ẹ má ṣe yára kọjá. Àjà ihò náà kò ga, ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó wọlé. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ, tí wọ́n lọ̀ ọ́ títí tí òkúta fi jinkòtò. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ń dán, ó sì tutù. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé kì í ṣe jagunjagun nìkan ni ó gbé inú ihò yẹn; àwọn abiyamọ tí ń wá ohun tí ọmọ yóò jẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ojúbọ tí a ṣì ń bọ wà níbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gòkè, kí ẹ sì wo ìhà odò Ògùn. Ìhà yẹn ni àwọn ọmọ ogun Dáhòmì (ìjọba kan ní ilẹ̀ Benin òde òní), tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ti wá kọlu ìlú wa ní ọdún 1851. Wọ́n tún wá ní 1864, wọn kò sì rí ìlú náà kó nígbà kankan. Òkúta nìkan kọ́ ni ó gbà wá o: odi amọ̀ àti yàrà tí àwọn baba wa fi yí ìlú ká ni wọ́n dúró tì, tí wọ́n fi lé ọ̀tá padà.

Nígbà tí mo délé lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ojú ọlọ inú àpáta ni mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi àgbà.