Fóònù tó ń fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀

Ọjọ́rú ni òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mié ni fóònù mi pè é.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo yí èdè rẹ̀ sí Sípáníìṣì. Iṣẹ́ ló fà á. Àwọn arúgbó ni mò ń lọ tọ́jú nílé wọn ní Houston níbí, púpọ̀ nínú wọn sì ti Mẹ́síkò wá. Odidi ọdún méjì, "buenos días", ẹ káàárọ̀, àti "agua", omi, nìkan ló wà lẹ́nu mi. Mo wá rò ó pé ohun tí ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀ ni kí n fi kọ́ èdè.

Àfi bí fóònù ṣe kọ́kọ́ bi mí pé Sípáníìṣì ti ibo? España wà níbẹ̀, México wà níbẹ̀, Estados Unidos náà ò gbẹ́yìn. Ti Amẹ́ríkà ni mo tẹ̀, ibi tí a ti ń tún nǹkan tò sì di Configuración. Ní ti Spéìn, Ajustes ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ Èkìtì àti Ọ̀yọ́ rí, ìyẹn ò lè yà á lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago dún ní agogo márùn-ún, ọ̀rọ̀ méjì sì yọ: Posponer, Detener. Mo fi oorun tẹ ti àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Ọṣẹ wà lójú mi ní balùwẹ̀ nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó jí gbogbo ilé. Posponer: sún un síwájú. N kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò ṣìnà rárá, òun gan-an ló sì yà mí lẹ́nu. Ìka mi mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Mo fi owó ránṣẹ́ sílé, mo pa àwòrán rẹpẹtẹ rẹ́, n kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Àṣé n kì í ka ti Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ́lẹ̀! Ni mo bá ń fipá dá ara mi dúró, kí n pè é síta kí n tó tẹ̀ ẹ́. Aceptar. Ahora no. Sin conexión. Mo kọ́kọ́ ka sin yẹn bíi pé ẹnì kan ń sìn mí lọ sílé ni. Àìsí ló túmọ̀ sí.

Ingresa tu PIN ló kó bá mi. Tu yẹn, "rẹ" ni, kì í ṣe "yín". Bí a ṣe ní ìwọ àti ẹ̀yin ni wọ́n ṣe ní tú àti usted. Fóònù tí mo fi owó ara mi rà ń sọ "ìwọ" sí mi láràárọ̀, inú mi sì ń dùn pé mo ti ń gbédè.

Lónìí, nílé màmá kan tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán kalẹ̀, mo sì fọ̀ ọ́ bí ọmọ onílẹ̀: "¿Quieres agua?", ṣé o fẹ́ omi? Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n gba ife. Ọmọ wọn obìnrin ló fà mí wọ kíṣìnì. Ó ní òun tí wọ́n bí gan-an kì í sọ tú sí wọn, usted ni. "¿Quiere agua?" ló yẹ kí n wí. Nítorí s kan péré! Èmi tí bàbá mi gbá létí rí nítorí pé mo sọ "o káàbọ̀" fún àlejò.

Mo padà síwájú wọn, mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé wọn ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. "Perdón, señora. ¿Quiere usted más agua?"

Wọ́n na ife náà sí mi. "Sí, mija."

Inú mọ́tò ni mo ti wá ìtumọ̀ rẹ̀, kí n tó ṣíná. Ọmọ mi ni.

Batería baja ni fóònù ń wí báyìí. Ìyẹn ò gba ìtumọ̀. Ó dàárọ̀.