Iṣin Tí Kò Tíì Lanu

Tí wọ́n bá gbé iṣin wọlé yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó gbé e wá: ṣé òun ló lanu fúnra rẹ̀, àbí ọ̀bẹ lẹ fi là á?

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí a lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ní abà wọn lójú ọ̀nà Ìlobùú, kò jìnnà sí Òṣogbo. Igi iṣin kan wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn tó ti gbó dáadáa ti là sí mẹ́ta lórí igi, kóró dúdú wọn ń dán bí ojú ẹyẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ga jù fún wa. Èmi àti àbúrò mi bá fi ọ̀pá já àwọn tó wà nísàlẹ̀, tó pupa ṣùgbọ́n tó ṣì panu dé. A fi ọ̀bẹ là wọ́n. Mo tọ́ ọ wò, kò dùn, mo tu ú dànù. Ebi ń pa àbúrò mi, ó jẹ tirẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń bì, òógùn bò ó, ara rẹ̀ rọ jọwọlọ. Ìyá Àgbà rí èèpo nílẹ̀, wọ́n figbe ta: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ní kẹ́ ẹ ya iṣin lẹ́nu?” Ọ̀kadà la fi gbé e dé ọsibítù. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é.

Nígbà tí a padà dé, Ìyá Àgbà mú wa lọ sábẹ́ igi náà, wọ́n ní: Ara funfun tó rí bí ọ̀rá yẹn nìkan ni jíjẹ. Okùn pupa tó wà nídìí rẹ̀, ẹ fi èékánná yọ ọ́. Kóró, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá ní òun á se èyí tí kò tíì lanu títí á fi dára, ẹ má dá a lóhùn, iná kì í pa májèlé rẹ̀ tán. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń já wálẹ̀, ọmọ tí kò jẹun kánú ló sì ń tètè mú. Àwọn ará Jàmáíkà, tó ń fi ẹja oníyọ̀ se iṣin, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn náà máa ń dúró kó lanu.

Ní ti àwọn èso mìíràn, awin kò ní wàhálà tirẹ̀. Agbáyun ńkọ́? Ẹ jẹ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, á dùn bí oyin. Ọmọ mi mu mẹ́fà, inú wá ń run ún mọ́jú: ahọ́n nìkan ni agbáyun ń tàn.

Igi iṣin yẹn ṣì wà. Àbúrò mi ti bí mẹ́ta báyìí, kò sì fẹnu kan iṣin mọ́, ìbáà là sí mẹ́rin.