Wọ́n Ní Kìlò Mọ́kànlá Ni Mí

Nígbà tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Íbàdàn fẹ́ ṣe eré ìje ọdún tuntun, láti ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dé géètì wa, mo dìde nípàdé, mo ní kò bójú mu kí orobo àti lẹ́pa jọ máa sáré. Wọ́n ń wọn akànṣẹ́ kó tó jà, wọ́n ń wọn oníjàkadì. Kí ló dé tí a kì í wọn asáré? Kipchoge tó fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀ sá kìlómítà 42 ní Berlin lọ́dún 2022, gbogbo ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Èmi, àpò méjì àtààbọ̀ ni mo ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu.

Akọ̀wé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní Usain Bolt wá ń kọ́? Ó lé ní kìlò 90, síbẹ̀ ó fi ìṣẹ́jú àáyá 9.58 sá mítà 100 lọ́dún 2009. Mo ní iṣan ni ti Bolt, ẹ̀bà ni tèmi. Mo ní àwọn eré ìje kan wà ní Amẹ́ríkà tó ya ìpín sọ́tọ̀ fún ọkùnrin tó bá tó nǹkan bíi kìlò 100, Clydesdale ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹṣin ńlá kan tó máa ń fa ẹrù.

Ìyá Ìbejì ní, "Háà, Bàbá Tọ́pẹ́, ẹṣin lẹ wá fẹ́ dà báyìí?"

Alága ṣáà gbà: ọmọdé tí ò tó kìlò 40, àwọn tó wà láàárín, àti àwa tá a lé ní 90.

Lọ́jọ́ eré, gbogbo ẹni tó mọ eré í sá ló fẹ́ di orobo, torí àpò ìrẹsì ti ìpín wa rọrùn láti gbà. Akápò wa, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ò kéré lóòró, mu píọ́ wọ́tà léraléra, ó ki àgádágodo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sápò ṣòkòtò, ó gorí òṣùwọ̀n. 91. Kò sẹ́ni tó yẹ àpò rẹ̀ wò.

Ó kàn mí. Òṣùwọ̀n ọ̀hún, irú èyí tí nọ́ńbà ń yí lójú rẹ̀ ni, 120 sì ni òpin rẹ̀. Mo gùn ún. Nọ́ńbà yí, ó yí, ó ré 120 kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó wá dúró sórí 11. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká fi òṣùwọ̀n pín wa, sà. Òṣùwọ̀n ti sọ̀rọ̀."

Bí wọ́n ṣe tò mí mọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fun fèrè, eruku nìkan ni mo rí. Ọmọbìnrin kan tí sálúbàtà rẹ̀ já, tó ti kọ́kọ́ dúró so ó, lé mi bá, ó kúnlẹ̀ láàárín títì, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dádì," ó dìde, ó sì sá kọjá mi.

Akápò ló gbé ìrẹsì lọ, pẹ̀lú àgádágodo. Èmi ni mo gbẹ̀yìn nínú ìpín ọmọdé. Wọ́n ń pín bisikíìtì fún gbogbo ọmọ tó parí eré, mo bá na ọwọ́ tèmi náà. Akọ̀wé gbá a padà, ó ní ṣé ojú ò tì mí ni, àgbà bíi tèmi.