Ìlọ́po ni kí ẹ kà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa agbára nọ́ńbà prime

Okun o, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìṣirò ní Kabba, Isanlu, Mopa àti Egbe. Àwọn tí mo ń kọ́ sábà máa ń bi mí bóyá fọ́múlà wà tí ó ń sọ agbára tí prime kan (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò ṣe é pín láìsí ìyókù àfi fún 1 àti ara rẹ̀) ní nínú nọ́ńbà mìíràn, ìyẹn iye ìgbà tí a lè fi prime náà pín nọ́ńbà náà léraléra láìsí ìyókù. Ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú, nítorí ẹni tó mọ ọ̀nà náà kò ní láti há fọ́múlà kankan sórí.

Ẹ wo 72, kí a wá agbára 2 nínú rẹ̀. Ìlọ́po 8 mẹ́sàn-án ló wà láti 1 dé 72, ṣùgbọ́n mẹ́jọ péré ló wà láti 1 dé 71. Ìyàtọ̀ ọ̀kan yẹn ló fi hàn pé 72 fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 8. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún 2 àti 4. Ní ti 16, mẹ́rin ni níhà méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ mẹ́ta la rí, agbára 2 nínú 72 sì jẹ́ 3. Fún prime p yòówù àti nọ́ńbà n tí ẹ ń yẹ̀ wò, ẹ pín n fún p, p², p³ títí lọ, kí ẹ má ka ìyókù sí. Ẹ ṣe bákan náà fún n−1, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì ro àwọn ìyàtọ̀ náà pọ̀. Fọ́múlà yìí kò ní bá yín wá prime tí ẹ kò tíì mọ̀, nítorí náà kò sọ títú nọ́ńbà ńlá sí àwọn prime inú rẹ̀ di ohun ìrọ̀rùn.

Ibi tí adùn rẹ̀ wà ni 100!, ìyẹn 1 × 2 × 3 títí dé 100. Bí a bá ro agbára 5 nínú gbogbo wọn pọ̀, ohun tí a yọ lára nọ́ńbà kan ni èyí tó ṣáájú rẹ̀ mú wá, wọn a sì pa ara wọn rẹ́ títí yóò fi ku 100 nìkan: 20 láti ara 5, 4 láti ara 25, àpapọ̀ 24. Ó dà bí owó ẹgbẹ́ ìlú tí gbogbo ìlọ́po 5 san lẹ́ẹ̀kan, tí ìlọ́po 25 sì tún san lẹ́ẹ̀kejì. Akápò kò nílò láti máa bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iye tó san, iye ẹni tó san ní ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń kà. Agbára 2 jẹ́ 50+25+12+6+3+1, tí í ṣe 97. Nítorí pé 2 kan àti 5 kan ló ń bí òdo kan, òdo 24 ló parí 100!. Legendre, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe fọ́múlà tí a lò fún 100! yìí.

Ọ̀nà kejì wà láti wá agbára prime p nínú 100!, tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ kọ 100 ní ìlànà ìkà oní-p (níbi tí a ti ń kó nǹkan jọ ní p-p dípò mẹ́wàá-mẹ́wàá), ẹ ro àwọn dígíìtì rẹ̀ pọ̀, ẹ yọ àpapọ̀ náà kúrò nínú 100, kí ẹ sì pín èyí tó kù fún p−1. Ní ìlànà oní-2, 100 jẹ́ 1100100; àpapọ̀ jẹ́ 3, a sì tún padà rí 97. Ní ìlànà oní-7, ó jẹ́ 202. Àpapọ̀ jẹ́ 4, 96 tí a pín fún 6 sì jẹ́ 16, gẹ́gẹ́ bí 14 àti 2 ti ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣe wí. Nínú ìdánwò, ẹ máa fi ọ̀kan yẹ èkejì wò kí ẹ tó kọ ìdáhùn sílẹ̀.